Saling Tó Mọ Ìró Àjẹ̀

Láti ìgbà tí Luming ìyàwó Teryo ti kú, tí àwọn ọmọ sì ti wá oúnjẹ òòjọ́ lọ sí Manila, ẹni kan ṣoṣo tó ń jẹ́ ìpè rẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe èèyàn. Àkùrákudà ni, irú èyí tó tóbi ju ọkọ̀ lọ, tó ní àmì funfun tótòtó lẹ́yìn, tí kì í bu èèyàn jẹ. Tuki là ń pè é ní etíkun wa. Teryo sọ tirẹ̀ ní Saling.

Iṣẹ́ tí gbogbo wa ń ṣe lòun náà ń ṣe: à ń da edé wẹ́wẹ́ sómi kí tuki má baà lọ, kí àwọn àlejò lè bá a lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n Teryo ní àrà tirẹ̀. Kó tó bu edé, á fi àjẹ̀ kan ìdí ọkọ̀: kó, kó, kó. Saling á yọ, á dúró ṣánṣán lábẹ́ ọkọ̀, á yanu bí ọmọ tó ń dúró de ṣíbí.

"Nong Teryo, ìyàwó yín ti dé o," Berting ẹlẹgbẹ́ wa á ké láti inú ọkọ̀ tirẹ̀; Nong là ń pe ọkùnrin tó ju ni lọ. "Ẹ má jẹ́ kébi pa á."

"Ìwọ tí tìẹ wà nílé, ṣó tiẹ̀ ń dá ẹ lóhùn?"

Ọdún tó kọjá ni Maribeth dé, ọmọbìnrin tó ń fi kámẹ́rà ya ẹja lábẹ́ omi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó ti Teryo lórí iyanrìn, ó ṣí fídíò fún un. Saling ni Teryo rí, ṣùgbọ́n kì í ṣe lábẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ló ń kọjá, tí ìdí rẹ̀ ń ró kó-kó-kó. Saling dúró ṣánṣán, ó yanu. Irin tó ń yí nídìí ọkọ̀ ya á lẹ́yìn. Àwọn tó wà lókè ò tilẹ̀ mọ̀.

"Ó rò pé ẹ̀yin ni, Nong," Maribeth wí.

Ẹni da eérú leérú ń tọ̀, àmọ́ eérú yìí kò tọ Teryo, Saling ló tọ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbé edé dání. Maribeth ti wà lábẹ́ omi nígbà tó kan ìdí ọkọ̀. Saling dé, tòun tọgbẹ́, ó yanu. Teryo gbé àjẹ̀, ó là á mọ́ ọn nímú. Saling rì lọ sísàlẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó tún kàn án, ẹja òpè náà tún padà wá, ó sì tún là á mọ́ ọn, ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ń sunkún, kò sì fi pa mọ́.

"Gbogbo ẹ̀ ló wà nínú kámẹ́rà, Nong," Maribeth wí nígbà tó gòkè. "Àwọn èèyàn á bú yín. Ṣé kí n yọ ọ́?"

"Fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi kó bú mi. Àmọ́ kó bú mi nítorí edé tí mo fún un náà, òun ló kọ́ ọ láti máa sún mọ́ ọkọ̀."

Maribeth lọ. Teryo fi edé sílẹ̀, ó padà sídìí àwọ̀n tó fi ń pẹja tẹ́lẹ̀. Berting ò fi ọ̀rọ̀ ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òkun pa rọ́rọ́, Teryo jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán nínú ọkọ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó mú àjẹ̀, ó kan ìdí ọkọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Òjìji ńlá kan tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ta kìjí, ó yí padà, ó sì sá wọ inú ibú.

"O ṣeun, Saling," Teryo wí. "Má padà wá."

Ohun tó fẹ́ gan-an nìyẹn. Ó wakọ̀ rẹ̀ lọ sílé, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.