Ẹ̀rọ Tó Fẹ́ Ènìyàn Méjì

Adéyọrí, tí gbogbo Ìdó-Ọ̀ṣun mọ̀ sí Bàbá Tósìn, kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Ìmẹ̀sí-Ilé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló ti wá nígbà tó ṣì jẹ́ géńdé. Ó fẹ́ Ẹ̀bùnọlá, ọmọ Ìdó-Ọ̀ṣun, ó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ẹ̀rọ rin ẹ̀gẹ́ fún àwọn obìnrin tó ń yan gààrí. Inú àgọ́ onípáànù lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà wà. Dísẹ̀lì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu, ariwo rẹ̀ sì ń dé ojú títì. Bó bá ti ń dún, ọwọ́ ni wọ́n fi ń júwe ọ̀rọ̀ síra wọn.

Lẹ́yìn tí Ẹ̀bùnọlá kú, ẹ̀rọ yìí nìkan ló kù tó ń fa ènìyàn wá bá a. Olúwatósìn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Èkó ló ń gbé. Láti àárọ̀ kùtù làwọn obìnrin ti máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà àgọ́ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ bíbó nínú báàfù. Wọ́n á jà sí ẹni tó kàn, wọ́n á parí ìjà, wọ́n á fọ́mọ lọ́mú. Bàbá Tósìn kì í dá sí wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá pọ̀, oúnjẹ máa ń wọlé sí i lára.

Àfi ìgbà tí epo bẹ̀rẹ̀ sí í gbówó lórí, tó gòkè tí kò sọ̀ mọ́. Bí dísẹ̀lì ṣe ń wọ́n ni owó rírin ẹ̀gẹ́ ń wọ́n, bẹ́ẹ̀ làwọn obìnrin ń dín kù. Àwọn oníbàárà tó máa ń gbé ọkọ̀ wá ra ẹ̀gẹ́ lóko náà ò wá mọ́. Wọ́n ní owó epo ti ju èrè lọ. Ẹ̀gẹ́ wá ń gbó sínú ilẹ̀ títí ó fi ń le bí igi. Ìlú tó ní ẹ̀gẹ́ lóko wá di ìlú tó ń wọ ọkọ̀ lọ ra gààrí l'Óṣogbo. Bàbá Tósìn ṣì ń tan ẹ̀rọ rẹ̀ nítorí báàfù obìnrin kan ṣoṣo, títí ó fi rí i pé òun ń fi ọwọ́ ara òun ba ara òun jẹ́. Ó pa á, kò sì tàn án mọ́.

Ìdákẹ́rọ́rọ́ wọ ilé. Ó wá ń gbọ́ ìró ṣíbí tó fi ń jẹun.

Olúwatósìn pè é lórí fóònù nígbà tí ọdún ń sún mọ́.

“Bàbá, mo ti béèrè owó ọkọ̀. Apá mi ò ní ká a lọ́dún yìí. Ẹ kúkú máa bọ̀ l'Ékòó.”

“Kí n wá máa ṣe kí ni?”

“Kí ẹ wá sinmi.”

“Mo ti ń sinmi níbí,” ni bàbá wí, ó sì béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ.

Nígbà tó bá rìn jáde, ó máa ń rí àwọn obìnrin tó ti ń tò sílé rẹ̀ rí. Olúkúlùkù jókòó sẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó ń fi páànù tí wọ́n fi ìṣó lu rin ẹ̀gẹ́ ìwọ̀nba tí ilé rẹ̀ máa jẹ, ìka wọn á sì bó. Kò sẹ́ni tó ń dúró de ẹnì kan. Èyí ló dùn ún ju owó tí kò wọlé lọ.

Ó tú ẹ́ńjìnnì kúrò lára ẹ̀rọ, ó gbé èyí tó ń rin ẹ̀gẹ́ lọ bá Kàbírù tó ń jó irin, ó ní kó fi ọwọ́ sí i, irú èyí tí ènìyàn lè dì mú yí. Kàbírù dúró kí iná dé kó tó ṣe é, torí òun náà kò lówó epo jẹnẹrétọ̀.

“Bàbá, ẹnì kan ò lè dá èyí ṣe o,” ló wí. “Ẹnì kan á máa yí i, ẹnì kan á máa ki ẹ̀gẹ́ bọ̀ ọ́. Ta lẹ ní?”

Bàbá Tósìn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sílé.

Ó gbìyànjú láti dá a ṣe. Bó bá ń fi ọwọ́ kan yí i, tó ń fi ìkejì ki ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ á ta sílẹ̀. Bó bá di ẹ̀gẹ́ mú dáadáa, ẹ̀rọ á dúró. Ó jókòó ti ẹ̀gẹ́ tí ẹ̀rọ jẹ lábọ̀.

Ibẹ̀ ni Mọ́nsúrátù, ìyá Raliat, bá a. Obìnrin yìí ló máa ń jà jù láyé ìgbà tí wọ́n ń tò.

“Bàbá Tósìn, mi ò gbọ́ ìró yín mọ́. Mo rò pé ẹ ti lọ bá ọmọ yín ni.”

“Mo wà níbí.”

Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo bàbá. “Ẹ máa yí i,” ló wí, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Wọ́n rin ẹ̀gẹ́ náà tán. Kò yá bíi ti ẹ́ńjìnnì, èjìká sì ń ro ni, ṣùgbọ́n kò gba epo kankan. Lọ́jọ́ kejì, Mọ́nsúrátù mú aládùúgbò rẹ̀ kan wá. Èyí yí i fún tọ̀hún, tọ̀hún náà yí i fún un. Láti ìgbà náà, méjì-méjì làwọn obìnrin ń wá. Gààrí tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti Ìdó-Ọ̀ṣun, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń tó wọn jẹ.

Ohun tí Bàbá Tósìn kò rò ni pé bí wọ́n bá ti jẹ́ méjì, wọn kò nílò òun. Ó wá di ẹni tó ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àmọ́ nígbà tí kò sí ariwo mọ́, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ẹ̀bùnọlá, bó ṣe máa ń bomi mímu fún wọn níbi tí wọ́n tò sí, tó sì máa ń pe ọmọ olúkúlùkù lórúkọ. Gbogbo ọdún tó fi wà nídìí ẹ́ńjìnnì, kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó lọ dúró sẹ́yìn àgọ́ títí ojú rẹ̀ fi gbẹ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán ní ìrọ̀lẹ́, ó fomi ṣan ẹ̀rọ, ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Mọ́nsúrátù ti fi abọ́ gààrí kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yan sílẹ̀ fún un, ó ṣì gbóná. Ó bu díẹ̀ jẹ níbẹ̀ lórí ìdúró, ó dé ìyókù, ó sì wọlé lọ.