Òdòdó Tí Àǹtí Mi Fẹ́ Fún Lórúkọ

Ẹ bá mi kí ọkọ àǹtí mi o, káfíńtà àgbà, ẹni tó gbọ́n nínú ohun gbogbo àfi ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀.

Òdòdó ni àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ń gbìn sẹ́yìnkùlé: lílì ọlọ́jọ́ kan, èyí tó ń là láàárọ̀, tó ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọkọ ẹ̀ ní, "Kí ni wọ́n ń fi nǹkan tó máa kú lálẹ́ ṣe?" Àǹtí mi fi sùúrù ṣàlàyé: ewé ẹ̀ tó bá gbẹ ṣeé hun lókùn, òdòdó ẹ̀ tí kò tíì là ṣeé sè lọ́bẹ̀. Ó gbọ́ okùn, ó ń rẹ́ pákó ẹ̀ lọ. Ó gbọ́ ọbẹ̀, ojú ẹ̀ là. Olóye èèyàn!

Láti kékeré, ọmọ lágbájá ni wọ́n ń pe àǹtí mi. Ó lọ́kọ, ó di ìyàwó káfíńtà. Ó bímọ, ó di ìyá lágbájá. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, bóyá ìyá mi nìkan ló ṣì rántí ẹ̀. Ìyẹn ló ṣe ń fi eruku òdòdó kan pa òmíràn lára lọ́dọọdún, kó lè bí irú tuntun tí wọ́n á fi orúkọ ẹ̀ pè, títí pupa kan fi jáde tí ẹnikẹ́ni ò rí irú ẹ̀ rí. Alága ẹgbẹ́ olódòdó ní òun á wá wò ó. Tóun bá bá a níbi tó ti là, orúkọ àǹtí mi ni wọ́n máa fún un. Inú obìnrin yìí dùn débi pé ó ń kọrin nídìí ìkòkò tó ń fọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí alága ń bọ̀, àǹtí mi dé ẹ̀yìnkùlé, ọ̀pá lásán ló bá lórí ìdúró. Ọkọ ẹ̀ yọ láti ilé ìdáná, ìgbákọ lọ́wọ́, ẹ̀rín lẹ́nu.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, mo mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ wá bá ẹ. Mo ti ká gbogbo ẹ̀, mo ti sè é. Ṣebí ìwọ náà lo ní ó ṣeé jẹ?"

Yéè! Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àǹtí mi jókòó sórí simẹ́ńtì, ó ń sunkún. Ọkọ ẹ̀ rò pé ẹkún ayọ̀ ni. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi ìgbákọ yẹn gbá a lórí.

Alága dé, ó wo ọ̀pá, ó káàánú. Wọ́n gbé ọbẹ̀ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó tún bu òmíràn. Ó ní òdòdó náà á ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Ó wá bi wọ́n pé ta ló se irú ọbẹ̀ yìí.

Lónìí, ọbẹ̀ yẹn ti lórúkọ nínú ẹgbẹ́ wọn: Ọbẹ̀ Káfíńtà. Àǹtí mi sì ni ìyàwó ẹni tó sè é.