Iná Sólà Màmá àti Ìràwọ̀ Tó Ń Ṣẹ́jú

Ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn lè sá aṣọ sí lọ, ṣùgbọ́n òkùnkùn rẹ̀ dára. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì ló wà níwájú, iná wọn a sì máa mọ́ bí ọjà alẹ́, àmọ́ ilé wa ló dí gbogbo rẹ̀ lójú. Oko kòkó ló wà lẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó ń tan iná fún kòkó. Bí oòrùn bá ti wọ̀, màá tẹ́ ẹní, màá dùbúlẹ̀ gbalaja, màá gbé awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì mi lé ojú.

Ìràwọ̀ ni mò ń wò, kì í sì í ṣe gbogbo ìràwọ̀. Àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í dúró sójú kan ni tèmi. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, díẹ̀díẹ̀, nígbà tí kò bá sí oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣe fọ́tòkópì. Iṣẹ́ náà kò le. Wàá wá ìràwọ̀ méjì tí kì í yí padà nítòsí èyí tí ò ń ṣọ́, ọ̀kan tó mọ́lẹ̀, ọ̀kan tó kéré, wàá sì sọ ibi tí tìrẹ bọ́ sí láàárín wọn. Ṣùgbọ́n kí o yan àwọn òṣùwọ̀n rẹ dáadáa. Lẹ́bàá Algol, ìràwọ̀ tí mo fẹ́ràn jù, ìràwọ̀ pupa kan wà tí òun náà ń yí padà. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ a máa fi ṣe òṣùwọ̀n, ìyẹn sì dà bí ìgbà tí télọ̀ bá ń fi okùn rọ́bà wọn aṣọ.

Òfin kan péré ló wà tí àwa tí à ń ṣọ́ ìràwọ̀ kì í rú: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn rí kó tó sọ tirẹ̀. Ojú ènìyàn gbọ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí wọ́n bá ní kó rí, ó di dandan kó rí i.

Onílé wa, tí gbogbo ayálégbé ń pè ní Màmá, jẹ́ ìyá ìjọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ládùúgbò. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, bó ti ń ti ibi àdúrà ìdájí bọ̀ láìwọ bàtà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó sì fi orúnkún gbálẹ̀. Kò pẹ́ tó fi pè mí pé òun ti bá oníṣẹ́ iná sọ̀rọ̀. Iná sólà ńlá, irú èyí tí wọ́n ń gbé sójú títì, ló ń bọ̀ wá kàn mọ́ ògiri ẹ̀yìn ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè.

Mo kọ́kọ́ kí i kú ewu orúnkún. Lẹ́yìn náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, nítorí bí iná yẹn bá lè débẹ̀, ìràwọ̀ parí fún mi. Ó bi mí léèrè kí ni mò ń ṣe nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ lálaalẹ́ bí ẹni tí wọ́n lù. Mo ní ìràwọ̀ kan wà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí padà. Ó rẹ́rìn-ín.

“Amòye ìlà-oòrùn,” ló wí, “ta ló wá ń yí òwú àtùpà rẹ̀?”

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀bẹ̀, ó ní kí n fi hàn òun. Bí òun bá fi ojú ara òun rí i, a ó wá ibòmíràn fún iná. Bí òun kò bá rí i, kí n ká ẹní mi.

Inú mi dùn, nítorí mo ti ṣírò rẹ̀. Ìràwọ̀ méjì ni Algol, wọ́n ń yí ara wọn po. Ní gbogbo ọjọ́ méjì, wákàtí ogún àti ìṣẹ́jú mọ́kàndínláàádọ́ta, èyí tó ṣú nínú wọn a kọjá níwájú èyí tó mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a sì wálẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè yóò mọ́ dáadáa. Ní Túsìdeè, ìgbà tí Màmá bá ti ibi ẹ̀kọ́ Bíbélì dé gan-an ni yóò ṣú. Ní ti orúkọ rẹ̀, èdè Lárúbáwá ni, àǹjọ̀nú ló sì túmọ̀ sí. N kò sọ ìyẹn fún ìyá ìjọ.

Ní Mọ́ńdè, Màmá jókòó sórí àga rọ́bà, mo sì fi ìràwọ̀ mẹ́ta hàn án: èyí tí à ń ṣọ́ láàárín, èyí tó mọ́lẹ̀ lápá òsì, èyí tó kéré lápá ọ̀tún. Ó wò wọ́n títí. Ó ní ti àárín àti ti òsì, ọgba ni wọ́n. Ó wá bèèrè bóyá yóò tóbi sí i lọ́la ni àbí yóò kéré. Mo ní n kò lè sọ.

“Ò ń bẹ̀ mí nítorí òkùnkùn, o kò sì fẹ́ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀?”

Mo ṣàlàyé òfin wa. Mo rò pé yóò bínú, ṣùgbọ́n orí ló ń mì. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn. Bí aríran méjì bá ríran lórí ọ̀rọ̀ kan, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n jókòó pọ̀; lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni akọ̀wé ń gba ti oníkálukú. Bí ẹnì kejì bá ti gbọ́ ti ẹnì kìíní, kì í ṣe ìran mọ́, àhesọ ni.

“Ta wá ni aríran kejì?”

Mo ní èmi ni.

“Ìwọ kọ́. Ìwọ ti mọ ohun tó o fẹ́ rí.”

Ó dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni. Mo wá sọ fún un nípa àbúrò kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òde-Omi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi ni, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ọjọ́. Mo ránṣẹ́ sí i pé kó wo Algol lálẹ́ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ, kó sì sọ ibi tó bọ́ sí fún mi. N kò fi nǹkan kan kún un.

Ní Túsìdeè, ọyẹ́ tún dé bí ẹni pé mo ṣẹ̀ ẹ́. Eruku gba gbogbo ojú ọ̀run. Màmá dé pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó jókòó, ó gbójú sókè.

“Gbogbo wọn ló ṣú,” ló wí. “Ọyẹ́ ni.”

Àlàyé kún ẹnu mi bámúbámú, mo gbé e mì. Màmá kò dìde. Ó wo òsì, ó wo ọ̀tún, ó tún padà sí àárín.

“Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í yan ẹni tó máa bò,” ló wí nígbà tó yá. “Èyí òsì ṣì ju èyí ọ̀tún lọ, bíi tàná. Èyí àárín ló wálẹ̀. Kò tó èyí kékeré yìí pàápàá mọ́.”

Ó na ọwọ́, ó ní kí n mú fóònù wá. Ará Òde-Omi kò tíì fèsì, nítorí ó máa ń rìn dé èbúté kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. A jókòó, à ń pa ẹ̀fọn. Nígbà tí fóònù dún, ohùn ló fi ránṣẹ́, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, bóyá mo ti ṣì í wò. Ìràwọ̀ yẹn ti kéré jù. Èyí tó wà lọ́tùn-ún tóbi díẹ̀ jù ú lọ. Ṣé kí n tún un wò lọ́la ni?”

Màmá ní kí n tún un tẹ̀ kí òun gbọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó di ògiri mú, ó rọra gun àtẹ̀gùn wọlé.

Láàárọ̀, oníṣẹ́ iná ti gbé àkàsọ̀ ti ògiri ẹ̀yìn kí n tó jáde. Màmá ní kó gbé iná ńlá lọ síwájú ilé, kó wá èyí kékeré kan kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, kó dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ọkùnrin náà ní irú iná bẹ́ẹ̀ kò ní mọ́lẹ̀ dé ibì kankan.

“Ẹsẹ̀ mi ló fẹ́ ríran,” ni Màmá wí. “Kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀run.”

Èmi ni mo bá oníṣẹ́ iná gbé àkàsọ̀ lọ síwájú ilé.