Ta Ló Wà Nínú Ọ̀dùnkún?

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ ki ohùn mi bọ inú fóònù, tí ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo fi ẹsẹ̀ kan wọ iléèwé Modern kí owó tó tán nílé. Ẹsẹ̀ kejì ṣì wà níta títí di òní. Síbẹ̀ gbogbo àdúgbò Àpáta ní Jos níbí ló ń pè mí ní Tíṣà, nítorí pé ní gbogbo Sátidé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa tí a bí sí Jos ní Yorùbá, nínú yàrá kan tí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní. Hausa ni àwọn ọmọ náà fi ń ṣeré, òun ni wọ́n fi ń jà, òun náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Lọ́dún tí ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé nítorí àrùn, yàrá wa dákẹ́. Alága ẹgbẹ́ wa, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ará Èkìtì tí kì í rẹ́rìn-ín lọ́fẹ̀ẹ́, ní tí ìlú bá ṣí, aránṣọ kan ni òun yóò fún ní yàrá náà, pé àwọn ọmọ ọ̀hún kò kúkú gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Bí kíláàsì yẹn bá kú, kí ni wọn yóò tún máa pè mí? Baba lásán.

Ọmọ mi obìnrin ló dá gúrúùpù sílẹ̀ fún mi lórí fóònù, tó kó àwọn ọmọ náà sí i, tó sì fi ibi tí n ó tẹ̀ hàn mí. Mo gbé fóònù sẹ́nu bí ẹni fẹ́ mu ẹ̀kọ, mo pariwo, "Ààlọ́ o!" Mo dúró. Àwòrán àtàǹpàkò ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo rò pé wọ́n ń bú mi ni. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní wọ́n ń sọ pé àwọn ti gbọ́ ni. Mo ní bí wọ́n bá gbọ́, kí ẹnu wọn sọ ọ́. Àgbà kì í pa àlọ́ fún ìka.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Mo bá yí ọwọ́ padà. Mo sọ fún wọn nípa ọ̀dùnkún kan tí mo wú nígbà èwe mi lóko kan lẹ́yìn àdúgbò Nasarawa Gwong, tó tóbi débi pé agbo màlúù kan sá òjò sábẹ́ rẹ̀, tí ọlọ́pàá sì wá béèrè ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́wọ́ mi. Mo ní bí mo ti fẹ́ fi ọ̀bẹ kàn án báyìí, ẹnìkan kanlẹ̀kùn láti inú. Ibẹ̀ ni mo ti dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó wà níbẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ bi mí, ní Yorùbá.

Ọjọ́ ń kọjá. Mo ń ṣe bí ẹni tí kò bìkítà, ṣùgbọ́n fóònù náà kò kúrò lápò mi. Ọmọbìnrin kan ní àdúgbò Dilimi, tí n kò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ rí, ló kọ́kọ́ fọhùn: "Baba, don Allah, ẹ jọ̀ọ́. Ta ló wà ní inú rẹ̀?" Ó ń wọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń wọ́ igi, ṣùgbọ́n ó wọ́ ọ délé. Mo ní, "Ìwọ ńkọ́, ta lo rò?" Ó ní sójà ni. Òmíràn ní irọ́ ló pa, agbowó-orí ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń fi Yorùbá bú ara wọn, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó jẹ oyè. Èdè tí ọmọ bá ti lè fi jà, ó ti di tirẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, ohùn àgbàlagbà kan wọlé. Alága ni. "Tíṣà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ-ọmọ mi kò jẹ́ kí n gbádùn. Ta ló wà nínú ọ̀dùnkún yìí gan-an?" Mo dá a lóhùn pé inú yàrá wa nìkan ni mo ti lè sọ ọ́.

Nígbà tí ìlú ṣí, Alága fi yàrá náà sílẹ̀ fún wa, aránṣọ náà sì rí ibòmíràn. Yàrá wa ṣì wà, gúrúùpù náà ṣì wà, àwọn ìyá àgbà láti Èkìtì sì ti wọ inú rẹ̀, wọ́n ń dáhùn àlọ́ ju àwọn ọmọ lọ. Ní Sátidé tó kọjá, ọmọbìnrin Dilimi, tó ti ń bá mi kọ́ àwọn kékeré, ló dìde níwájú wọn. Nínú ọ̀dùnkún tirẹ̀, reluwé ń kọjá. Irọ́ rẹ̀ ju tèmi lọ pátápátá. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí láàárín àwọn ọmọ. Nígbà tó dé ibi tí ẹnìkan ti kanlẹ̀kùn, ó dákẹ́, ó ń wò wá lójú.

Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sókè.