Ọdún Tí Mo Padà Wọ Aṣọ Ilé-Ìwé

Òórùn ọ̀dà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ilé alájà kan ni, létí títì ní Òkòkòmáíkò. Ọkùnrin kan ń po ọ̀dà ilé tà nísàlẹ̀, tutóríà tí wọ́n ti ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò sì wà lókè. Bí oòrùn bá ti mú, òórùn náà á gba ojú fèrèsé wọlé, á kó sí èèyàn lágbárí, títí tí lẹ́tà inú ìwé á fi máa jó lójú ẹni. Ọkùnrin tó ni tutóríà náà kì í gbọ́ òórùn kankan ní tirẹ̀, nítorí lọ́fínńdà tó máa ń fọ́n sára pọ̀ ju ìmọ̀ tó wà lórí rẹ̀ lọ. Pọ̀fẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè é. Òun ló fún ara rẹ̀ lóyè náà. Mi ò tíì rí yunifásítì tó mọ̀ nípa rẹ̀ títí dòní.

Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá ti ń sọ láti kékeré pé dókítà lòun máa ṣe. Gbogbo àdúgbò wa ní Ajáńgbàdí ti ń pè mí ní dókítà kí n tó jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ni èsì ìdánwò àṣejáde bá dé: C6 nínú Bàọ́lọ́jì, D7 nínú Kẹ́mísírì, E8 nínú Físíìsì. Gẹ̀ẹ́sì mi dára, ìṣirò náà kò burú, àmọ́ ta ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì wo àìsàn? Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ilé-ìwé tí mo ti jáde kò ní láàbù kankan. Olùkọ́ wa máa ń ya àwọn ohun èlò sójú pátákó, àwa náà á yà á sínú ìwé, a ó sì máa ṣe bí ẹni tó ti fọwọ́ kàn án rí.

Ìyá mi, tó ń ta aṣọ ọmọ ọwọ́ lọ́jà, ló mú mi lọ bá Pọ̀fẹ́sọ̀. Kò ní ká jókòó. Ó gba èsì náà, ó yíjú sí àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì, ó sì kà á sókè.

“E8 nínú Físíìsì! Ẹ bá mi wo dókítà o! Aláìsàn tó bá bọ́ sọ́wọ́ eléyìí, kó yáa tètè ra pósí.”

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ara mi gbóná láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó ní, “Kí la máa wá ṣe, sà?”

Pọ̀fẹ́sọ̀ wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kò le rárá. Ilé-ìwé kan wà tí òun á fi orúkọ mi sí fún ìdánwò tó ń bọ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ ìdánwò níbẹ̀ ti gbọ́ra yé pẹ̀lú òun, wọ́n á kọ ìdáhùn síta, tèmi ò ju kí n dà á kọ lọ. “A1 ni gbogbo rẹ̀, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

“Ṣé ẹ ó wá kọ́ ọ ní Físíìsì náà?”

Ó wo ìyá mi bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó ń bèèrè ọ̀nà. “Màmá, ta ló ń sọ̀rọ̀ Físíìsì? Ṣebí èsì lẹ ń wá.”

Ìyá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, a sọ̀ kalẹ̀. A rìn dé ibùdókọ̀. Ibẹ̀ ló ti wò mí, ó ní, “Ṣé o mọ Físíìsì yìí àbí o ò mọ̀ ọ́n?” Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. “Ó dáa. Lọ kọ́ ọ.”

Bí mo ṣe padà sí kíláàsì àṣejáde nìyẹn, ní ilé-ìwé kan ní Ìbà tí láàbù rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní tí mo bá fẹ́ wọlé, mo gbọ́dọ̀ wọ aṣọ ilé-ìwé bíi tàwọn yòókù. Odindi ọmọge tó ti ń kun ètè! Mo gẹ irun mi wálẹ̀, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, mo fa ìbọ̀sẹ̀ funfun dé orúnkún. Àwọn tó ń pè mí ní dókítà ní Ajáńgbàdí wá rí ohun tí wọ́n máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Aládùúgbò wa kan, tí mi ò rí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ rí, bi mí bóyá jẹ́léósinmi ló kàn. Mo kí i, mo kọjá. Inú mi ni mo ti dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣeé kọ síbí.

Pọ̀fẹ́sọ̀ náà rí mi lọ́jọ́ kan. Ó dá mọ́tò rẹ̀ dúró, ó sọ gíláàsì kalẹ̀. “Dókítà oníyúnífọ́ọ̀mù! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń lọ sí yunifásítì, ìwọ ń lọ tò sórí ìlà àárọ̀ nílé-ìwé!” Àwọn ọmọ tó kó sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, torí pé ẹ̀rín nìkan lohun tó ń kọ́ wọn.

Olùkọ́ Físíìsì wa ní Ìbà kò kẹ́ mi rárá. “O ṣì í. Tún un ṣe.” Gbólóhùn tó máa ń sọ fún mi kò ju ìyẹn lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo fọwọ́ ara mi so irin kékeré mọ́ okùn, tí mo jẹ́ kó máa fì, tí mo sì rí i pé bí okùn ṣe gùn tó ló ń sọ bí fífì rẹ̀ ṣe máa pẹ́ tó, omi bọ́ lójú mi. Ohun tí mo ti há sórí jálẹ̀ sẹ́kọ́ńdìrì láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀ ló wà níwájú mi yẹn, tó ń lọ tó ń bọ̀.

Nígbà tí èsì jáde, mo gba B2 nínú Bàọ́lọ́jì, B3 nínú méjì yòókù. Ní ti àwọn tí Pọ̀fẹ́sọ̀ kó lọ síbi tirẹ̀, àjọ ìdánwò dá èsì gbogbo wọn dúró nítorí màgòmágó, wọ́n sì fagi lé e níkẹyìn. Mo gbọ́ pé ó pe àwọn òbí jọ, ó ní kí wọ́n lọ gbàdúrà, pé ọwọ́ ayé ni. Bí ẹni pé ayé mọ̀ ọ́n! Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tó fi mí rẹ́rìn-ín wá sílé wa, ó ń sunkún. Mo yá a ní àwọn ìwé mi. Kì í ṣe òun ni mo kà sí ẹni yẹpẹrẹ.

Mo yege nínú ìdánwò ìwọlé, mo sì bọ́ sí ẹ̀ka ìṣègùn. Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, mo ń kọjá lọ ní Òkòkòmáíkò, mo gbójú sókè, ojú ara mi ni mo rí. Wọ́n ti tẹ fọ́tò mi gàdàgbà sórí bánà lára ilé alájà yẹn, wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí tutóríà náà kọ́ yanjú ni mí. Mo gòkè lọ.

“Ẹ bá mi yọ fọ́tò mi kúrò níta, sà.”

Ó dìde, ó la apá méjèèjì. “Ọmọ mi! Ṣé kì í ṣe ibí lo ti bẹ̀rẹ̀ ni? Tí mi ò bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣé wàá kàwé?”

Mo wò ó dáadáa. Ohun tó ń sọ dá a lójú. Mo fa àga kan dé ibi ojú fèrèsé, mo gùn ún, mo sì já bánà náà fúnra mi. Ó ń pariwo, ó ń pè mí ní aláìmoore. Mo ká a, mo gbé e sábíyá, mo bá tèmi lọ.

Dókítà ni mí báyìí. Mi ò tíì dárí jì í, mi ò sì wá ìdí tí màá fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí máa ń mú ọmọ tí máàkì rẹ̀ kéré wá bá mi, ọmọ náà á dorí kodò, ìyá á máa bi mí bóyá mo mọ ẹnì kan tó lè bá wọn ṣe é, kí máàkì náà lè gòkè. Mo máa ń ní kí ọmọ náà gbójú sókè. Máàkì tó kéré kì í ṣe ẹ̀gbin tó yẹ kéèyàn wá aṣọ bò mọ́lẹ̀. E8 tí mo gbà sọ ọ́ fún mi gbangba pé mi ò mọ Físíìsì, kò fi mí ṣẹ̀rín, kò sì fi ẹnu dídùn tàn mí. Yàtọ̀ sí ìyá mi, kò sí ẹlòmíì tó bọ̀wọ̀ fún mi tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún yẹn.