Fóòmù Inú Agolo Mílíìkì: Ìdágbére Mi fún Sulaimọ̀n

Súlè o! Súlè ọ̀rẹ́ mi! Ó dìgbà kan ná o, ìgbà tí èmi ò mọ̀.

Ó ti pé ogójì ọjọ́ tí a gbé ọ wọ inú iyanrìn Ajah, mi ò sì tíì sunkún. Àwọn èèyàn ń wò mí. Mò ń jẹun, mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń fèsì fún àwọn tó ń kí mi pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ìyá Kúdí, aya rẹ, ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ yìí, nítorí pé èmi ni mo ka ìwé mẹ́wàá nínú èmi àti ìwọ. Mo kọ ọ́, mo fà á ya, mo tún un kọ.

Sulaimọ̀n, ọlọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ tí irin ń gbọ́ràn sí lẹ́nu! Ìwọ tí o máa ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí ìyá ṣe ń tẹ́tí sí èémí ọmọ rẹ̀. Láti Ìkátè títí dé Ajah, ta ni alùpùpù rẹ̀ kọṣẹ́ tí wọn ò ní kó wọ́ ọ lọ sábẹ́ igi àgbọn rẹ? Ìwọ lo kọ́kọ́ rí i pé iyanrìn etí òkun ló ń pa àwọn alùpùpù wa. Ihò tí wọ́n fi ń mí, ìsàlẹ̀ ni àwọn tó ṣe wọ́n fi í sí, nítòsí táyà ẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an ni iyanrìn sì ń ta sí. O gé rọ́bà, o fi gbé ihò náà gòkè sábẹ́ ìjókòó, o fi agolo mílíìkì sí i lẹ́nu, o wá ki fóòmù tí o ti rẹ sínú ọ́ìlì bọ inú agolo náà, kó lè máa gba iyanrìn dúró. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń rí á dín kù, nítorí náà wàá tú kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, wàá dín epo náà kù títí méjèèjì á fi bára mu. Wàá yọ púlọ́ọ̀gì, wàá gbé e sójú oòrùn. "Tó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù. Tó bá funfun, ó ń jóná. Àwọ̀ èèpo ẹ̀pà ni mò ń wá." Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ.

O ṣe tèmi náà. Nígbà tí o fà á lé mi lọ́wọ́, o na ìka sí mi: "Akọ̀wé, má yọ fóòmù yìí o. Mo mọ̀ ọ́."

O mọ̀ mí lóòótọ́. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo fẹ́ kọjá níwájú ilé bàbá Sàràtù ní Ìlasàn, mo sì fẹ́ kí ọmọbìnrin náà gbọ́ mi kó tó rí mi. Láìsí fóòmù, alùpùpù yẹn máa ń ké bí ẹni tínú ń bí. Mo yọ ọ́, mo fi sápò ṣòkòtò. Mo kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Sàràtù ò tilẹ̀ sí nílé.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, o wá yá alùpùpù náà kí o fi lọ ra púlọ́ọ̀gì ní Màrókò. Fóòmù ṣì wà lápò mi. Mo fọwọ́ kàn án. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, wàá bú mi lójú àwọn tó dúró níbẹ̀. Mo ní àlọ àti àbọ̀ lásán ni. Mo fún ọ ní kọ́kọ́rọ́.

Iyanrìn ti wọ inú kabúrétọ̀. Písítìn kékeré inú rẹ̀, èyí tó ń ṣí ọ̀nà epo tó sì ń tì í, há sókè. O dẹwọ́, ẹ́ńjìnnì ò dẹ̀, igi àgbọn kan lẹ́bàá ọ̀nà ló dá ọ dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ kán síbi méjì.

Gbogbo Ajah mọ ìyẹn. Ohun tí wọn ò mọ̀ rèé: nígbà tí o wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, mo fi pẹtiróòlù fọ kabúrétọ̀ náà mọ́ tónítóní, mo sì dá fóòmù padà sínú agolo rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta o fi ọ̀pá tẹlẹ̀ jáde wá, o jókòó síwájú alùpùpù náà, o tú u. Kò sí àbùkù kankan. O tò ó, o tún un tú. Mo jókòó tì ọ́. O ní, "Akọ̀wé, ọwọ́ mi ni. Ó ní láti jẹ́ pé mi ò fi sípíríìnì tó ń ti písítìn kékeré yẹn padà sí i dáadáa."

Èmi náà sì ní, "Ó ti ṣẹlẹ̀ ná, Súlè. Gbàgbé ẹ̀."

O ò gbàgbé. Láti ọjọ́ náà títí dọjọ́ ikú rẹ, alùpùpù kan ò kúrò lọ́wọ́ rẹ mọ́ láìjẹ́ pé o yí ọwọ́ iná rẹ̀, èyí tó ń mú un sáré, lẹ́ẹ̀mẹta, kí o jọ̀wọ́ rẹ̀, kí o tẹ́tí títí wàá fi gbọ́ ìró písítìn kékeré náà tó jábọ́ padà. Àwọn oníbàárà á máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gá Súlè, ṣé ẹ ti ń kírun fún un ni?" Wàá ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Mo ti ṣe ẹ̀ẹ̀kan, mi ò ní ṣe ẹ̀ẹ̀kejì." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn, ẹ̀rín tèmi ló máa ń ròkè jù.

Lọ́jọ́ tí a sin ọ́, àgbà kan dúró, ó ní Sulaimọ̀n ò ṣe àṣìṣe rí lẹ́nu iṣẹ́, àfi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí Ọlọ́run foríjì í. Mo wà láàárín wọn. Mo ní àmín.

Mi ò mọ̀ bóyá ibí ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà tí o ṣì lè gbọ́, kí o sì bú mi. Kí n tó gbé ìwé yìí fún àwọn atẹ̀wé, mo kà á fún Ìyá Kúdí, mo ní bó bá fẹ́, màá yọ ọ̀rọ̀ fóòmù kúrò. Ọ̀pá rẹ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń wò. Lẹ́yìn náà ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Bàbá Sàkà, ẹ má yọ nǹkan kan."

Mi ò yọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa ṣàdúrà, nígbà tí ẹ bá ń ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ Sulaimọ̀n, ẹ má sọ pé àfi ẹ̀ẹ̀kan mọ́. Tèmi ni ẹ̀ẹ̀kan yẹn.

Ọwọ́ rẹ kọ́ o, Súlè. Ọwọ́ mi ni. Gbé ọ̀pá sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, kí o máa sùn re o.

Akọ̀wé, ọ̀rẹ́ rẹ