Bàtà Tí Bàbá Aláṣọ Rà Fún Wa

Lẹ́yìn ogun Hitler, nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe olórí wa ní Lomé, wọ́n pe ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì wa sí Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Dàhòmì, kí a lọ bá ilé ìwé mẹ́ta mìíràn du ife. Èmi ni aṣọ́lé. Kí a tó di ẹrù rárá ni gbogbo ìlú ti ń sọ pé ife náà ti di tiwa. Onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun wa sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato sọ bẹ́ẹ̀, kódà fadá ìjọ wa tí kò wo bọ́ọ̀lù rí dúpẹ́ lórí rẹ̀ nínú ìwàásù. Èmi kò fẹ́ràn irú ìyìn bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní, nítorí ẹnu tó ń yin ni náà ló kọ́kọ́ máa ń bú ni. Mo sọ fún ìyá mi pé ọkàn mi kò balẹ̀. Ó ní ebi ló ń pa mí.

Kì í ṣe pé wọ́n ń purọ́ o. Ẹgbẹ́ wa dára. Orí yanrìn etí òkun ni a ti kọ́ bọ́ọ̀lù, ẹsẹ̀ lásán ni a sì fi ń gbá a, bí gbogbo ọmọ Lomé ti ń ṣe nígbà náà. Ẹni tó bá lè sáré lórí yanrìn yẹn, ilẹ̀ gidi kò lè dá a dúró. Ọ̀rẹ́ mi ló sì dára jù nínú wa. Apá òsì ló máa ń sáré sí, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sì gbọ́n ju orí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ: yóò fi ìka ẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù bí ẹni mú èèpo ẹ̀pà nílẹ̀, kí o tó yíjú, bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́yìn rẹ. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, Mùsùlùmí tó ti ń ta aṣọ ní Lomé kí wọ́n tó bí wa. Aránṣọ láti ìhà Kétu ni bàbá tèmi, aṣọ tí bàbá rẹ̀ bá tà ni bàbá mi ń rán. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti dàgbà.

Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀rù máa bà mí ni pé ife yẹn kì í ṣe ife lásán fún ọ̀rẹ́ mi. Ó fẹ́ parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó sì lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Dakar. Bàbá rẹ̀ fẹ́ kó lọ sí Parakou, kó lọ máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá rẹ̀ tí àìsàn ojú ń yọ lẹ́nu. Dirẹ́tọ̀ ilé ìwé wa, òyìnbó tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju ìwé lọ, fúnra rẹ̀ rìn wá sí Adawlato láti bẹ bàbá náà. Ìdáhùn tí bàbá fún un, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún yòvó yìí pé mo ti gbọ́. Ẹ jẹ́ ká wo Àjàṣẹ́. Bọ́mọ mi bá gba kúúpù bọ̀, n ó mọ̀ pé èrè wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, á sì máa kàwé rẹ̀ lọ. Bí kò bá gbà á, kó lọ bá àbúrò mi ní Parakou. Mi ò tún fẹ́ gbọ́ ẹ̀bẹ̀ kankan." Dirẹ́tọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, bàbá ti gbà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni bàtà dé. Bàbá ọ̀rẹ́ mi, tí a ń pè ní Bàbá aláṣọ, ló kó àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ra bàtà bọ́ọ̀lù, bàtà òyìnbó gidi tó ní eyín lábẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún olúkúlùkù wa. Inú àpótí ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n gbé wọn wọ àgbàlá rẹ̀, òórùn awọ tuntun gba gbogbo ibẹ̀ kan. Àwọn àgbà jókòó, mẹ́tìrì wa, olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù, ọmọ Mina, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ni bàbá bá dìde.

"Ẹ̀yin ọmọ wa," ó ní, "ẹ ò ní í fẹsẹ̀ lásán rìn níwájú àwọn ará Àjàṣẹ́. Wọ́n á bi yín pé ọmọ ta ni yín. A ti pinnu pé ẹnikẹ́ni ò ní í bi yín."

A dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo wa. Lẹ́mọ́mù ṣàdúrà, a ṣe àmín. Kò sí àgbà kan níbẹ̀ tí kò fẹ́ wa fún rere, ìyẹn ló ń bí mi nínú jù lọ bí mo ti ń kọ èyí. Ènìyàn mọ bí a ti ń gba ara ẹni lọ́wọ́ ọ̀tá. Ta ló kọ́ wa bí a ti ń gba ara ẹni lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹni?

Bàtà náà tóbi jù fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Bàbá mi gé àkísà aṣọ láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a fi dí ibi tó ṣófo níwájú ìka. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, a dàbí ewúrẹ́ tí a so lẹ́sẹ̀. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ òsì gbé bọ́ọ̀lù bó ti máa ń ṣe, bọ́ọ̀lù kàn yí lọ. Ó tún un ṣe, ó tún yí lọ. Ó dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú ẹsẹ̀ ẹlòmíràn wá fún. Mẹ́tìrì rí i. Gbogbo wa rí i. Ojú rí, ẹnu dákẹ́.

Mo bẹ bàbá mi pé kó bá wa sọ fún bàbá aláṣọ. Ó ń rán ṣòkòtò lọ́wọ́, kò gbé orí sókè.

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Ẹ ní a ò lè fi gbá bọ́ọ̀lù, Bàbá."

"Àgbà fi owó ara rẹ̀ bu ọlá fún ọ, o wá ní kí n lọ sọ fún un pé kó wá kó ọlá rẹ̀. Ṣé bí mo ti kọ́ ọ nìyẹn?"

Mẹ́tìrì náà kò lè sọ ọ́. Dirẹ́tọ̀ ti ya fọ́tò wa pẹ̀lú bàtà náà, ó sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ní gbangba. Mẹ́tìrì wá dá ọgbọ́n kan. Ó ní a ó wọ bàtà jáde ní Lomé kí ojú gbogbo ènìyàn rí i, bí a bá dé Àjàṣẹ́, a ó bọ́ ọ, a ó gbá bọ́ọ̀lù wa, a ó sì tún wọ̀ ọ́ padà wálé. Ta ni yóò mọ̀? Inú mi dùn díẹ̀ nígbà náà, mo jẹun yó fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí àpótí yẹn ti dé. Ọ̀rẹ́ mi pàápàá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe yẹ̀yẹ́ mi pé bí n kò bá jẹ́ kí góòlù wọlé, òun yóò máa tọ́jú ìyá mi lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí òun bá di dókítà.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin, ní òwúrọ̀ tí a fẹ́ gbéra lọ sí Àného, bàbá rẹ̀ wá kí wa. Ó fọwọ́ kan bàtà lẹ́sẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mi orí. Ó wá ní, "Ẹ máa lọ níwájú o. Mo lẹ́rù tí n ó rà ní Kútọnu. N ó bá yín ní Àjàṣẹ́, kí n fojú ara mi rí i."

N kò wo ọ̀rẹ́ mi. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ọlọ́run á bá yín dé ibẹ̀." Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, àwọn tó kù ń kọrin, òun jókòó, ó ń tú okùn bàtà, ó tún ń so ó.

Ọ̀nà náà jìn. Láti Àného a wọ ọkọ̀ ẹrù, òkun wà ní ọ̀tún, ọ̀sà wà ní òsì, ilẹ̀ tí a ń rìn lórí rẹ̀ kò fẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi sọdá, omi ti kún, ó pọ́n bí epo. A fi okùn so bàtà kọ́rùn. Ọkùnrin tó ń tukọ̀ wò wá títí, ó bi mẹ́tìrì ní èdè wọn bóyá ọrùn ni wọ́n ń wọ bàtà sí ní Lomé. A rẹ́rìn-ín. Èmi kò mọ̀ wẹ̀, mo di etí ọkọ̀ mú, mo ń rò pé bí omi yìí bá gbé àwọn bàtà náà lọ, n kò ní í bẹ omi kó dá wọn padà.

Ní Àjàṣẹ́, bàbá aláṣọ kò tíì dé nígbà tí a gbá ìdíje àkọ́kọ́. A bọ́ bàtà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ti rí: n kò rí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ọ̀rẹ́ mi ń kọjá lára wọn bí atẹ́gùn ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn, òun nìkan gbá góòlù méjì wọlé, bọ́ọ̀lù kò sì kàn mí lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ. Àwọn ará Àjàṣẹ́ fúnra wọn ń wí pé àwọn ti rí ẹni tí yóò gba ife. Ọkùnrin kan tó ń ta ọsàn fún wa ní ọsàn ọ̀fẹ́. Mẹ́tìrì ń fò sókè bí ọmọdé. Ọ̀rẹ́ mi bọ́ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀, mo sì bá a sun ún.

Lọ́jọ́ tí a ó gba ife, òjò rọ̀ láti àárọ̀. Bí a ti ń jáde sí pápá ni mo rí agbádá funfun kan lábẹ́ igi, lórí àga, àwọn àgbà méjì pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá aláṣọ ni. Ó gbé ọwọ́ sókè sí wa. Kò sí ẹni tó pàṣẹ. Gbogbo wa padà sínú yàrá, a wọ bàtà.

Ìdajì àkọ́kọ́ kò ṣeé sọ. Eyín bàtà ń kó ẹrẹ̀, àkísà inú rẹ̀ mu omi, ẹsẹ̀ wa wúwo bí odó. Góòlù méjì wọlé mi. Nígbà tí a sinmi, mẹ́tìrì wò wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ó tó," ó ní. "Ẹ bọ́ wọn. Èmi ni n ó lọ tọrọ ìdáríjì. Ẹ bọ́ wọn báyìí."

Gbogbo wa bọ́ ọ. Ọ̀rẹ́ mi kò bọ́ tirẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo di okùn bàtà náà mú. "Jọ̀ọ́," mo ní, "bàbá ẹ ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Kò ní í mọ̀."

"Ó mọ bàtà," ó ní.

"Parakou ńkọ́?"

Ó gba okùn náà lọ́wọ́ mi. Ó wá ní, "Gbogbo yín lẹ lè bọ́ ọ. Èmi ni ọmọ rẹ̀. Bí mo bá bọ́ ọ lójú àwọn àgbà méjì yẹn, kí ni wọ́n á máa sọ fún un délé? Fi mí sílẹ̀. N ó fi gbá a bẹ́ẹ̀." Ó sì dìde.

A gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà o. A dá góòlù kan padà, àwọn ará Àjàṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo fún wa. Ó kù díẹ̀ kí adájọ́ eré fọn fèrè nígbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ mi, lápá òsì, kò sí ẹnikẹ́ni láàárín òun àti aṣọ́lé wọn. Níbi tí mo wà ní òpin kejì pápá, mo ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó gbé ẹsẹ̀. Bàtà yọ̀ lórí ẹrẹ̀, bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ lọ, òun sì ṣubú lulẹ̀. Kò tètè dìde.

A pàdánù ife. A dúró bí ẹni tí wọ́n nà, a ń dúró de bàbá náà tó ń bọ̀ kọjá lórí pápá, tó gbé agbádá sókè kúrò nínú ẹrẹ̀. Mẹ́tìrì lọ pàdé rẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá kọjá lára rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló lọ tààrà. Inú rẹ̀ ń dùn, mo fi ojú mi rí i. Ó fi etí agbádá funfun nu ẹrẹ̀ kúrò lójú ọmọ náà.

"Gbogbo wọn ló bọ́ tiwọn," ó sọ fún àwọn àgbà tó tẹ̀ lé e. "Ẹ rí i àbí ẹ ò rí i? Tèmi nìkan ni ò bọ́ ọ. Irú ọmọ yìí ni wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Kódà ká ní ó gba kúúpù, ọmọ tó mọ ọlá bàbá báyìí, kí ló tún ń wá nílé ìwé?"

Ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó dúpẹ́. Kò bá wa padà sí Lomé. Ọjọ́ kejì ni wọ́n mú un lọ sí Kútọnu, ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ sí Parakou, pẹ̀lú aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, bàbá rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbi tí mo jókòó sí pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Ó dúró, ó wò mí, kò bínú rárá.

"Ìwọ tí o bọ́ tìrẹ," ó ní, "máa padà lọ sílé ìwé rẹ."

Èmi náà dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo sì padà sílé ìwé.